Ọmọ Houston Tó Ń Gbé Ìkọ̀lé: Ìwé Orílẹ̀-Èdè Méjì Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi lọ kàwé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ibẹ̀ ló ti bí ọmọkùnrin rẹ̀ ní 2018. Nígbà tí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó gbé ọmọ wá bá mi ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Ọdún 4 ni ọmọ náà nígbà yẹn. Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ló fi wọlé, físà Nàìjíríà tó wà nínú rẹ̀ ti kú tipẹ́, pásípọ́ọ̀tù ọ̀hún náà sì ti fẹ́ parí. Ẹnìkan sọ fún mi pé tó bá ti parí, ọmọ kì í ṣe ará Amẹ́ríkà mọ́ nìyẹn. Ẹlòmíì ní bí a bá gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un, Amẹ́ríkà á gba tiwọn lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ọmọ, ará Ìjerò, ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ wá ní kí n kúkú lọ sí kóòtù, kí n gbà á ṣọmọ, kí ọ̀rọ̀ ìwé lè rọrùn. Mi ò fẹ́ ṣe ohun tí ọmọ yóò tìtorí ẹ̀ bínú sí mi lọ́la. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ, Màmá, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Irọ́ ni ohun méjèèjì tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún yín. Ti kóòtù yẹn, n óò dé ibẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tù kọ́ ló sọ ọmọ yín di ará Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ni. Àtúnṣe kẹrìnlá sí òfin ìpìlẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1868, ló ní ẹni tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ wọn, tó sì wà lábẹ́ òfin wọn, ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni. Láti 1898 ni ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ ti fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Wong Kim Ark, ọkùnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ṣáínà, tí wọ́n bí i sí San Francisco. Bí pásípọ́ọ̀tù bá parí, ẹ̀rí ọwọ́ ló parí. Ẹ̀tọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ lè ti gbọ́ nípa àṣẹ tí Ààrẹ Trump pa ní oṣù kìíní 2025 láti dín ẹ̀tọ́ yìí kù, tó kó ìpayà bá àwọn òbí tó ń fi físà akẹ́kọ̀ọ́ gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn àṣẹ ọ̀hún ló dojú kọ, kò kan ọmọ 2018.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Abala 25 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti inú ìbí. Kò sí fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni ń kọ kó tó rí bẹ́ẹ̀. Abala 28, èyí tó ń gba ìwé ọmọ-ìlú Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ti ìlú mìíràn mọ́ ọn, tí àwọn èèyàn máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ tí àyà wọn á sì já, ń bá àwọn tó gba ìwé ọmọ-ìlú Nàìjíríà lẹ́yìn wí, ìyẹn àwọn tí wọn kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà láti inú ìbí. Ọmọ-ọmọ yín kò sí nínú wọn. Amẹ́ríkà náà kì í sọ pé kí ọmọ tí wọ́n bí sínú méjèèjì yan ọ̀kan. Kò tọrọ méjèèjì, méjèèjì ló bá a láyé.

Wàhálà tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ti ibi tí àwọn èèyàn ń wò wá. Ìhà Nàìjíríà la máa ń pa tì. Ní Èkìtì níbí, mo mọ ilé tí wọ́n fi ọ̀rá wé pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ọmọ ní ìlọ́po mẹ́ta, tí wọ́n tì í bọ abẹ́ aṣọ òfì nínú àpótí, tí wọ́n sì ń yọ ọ́ wò bí ẹni yọ owó wò, àmọ́ tí ọmọ náà kò ní NIN, kò ní lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀, kò ní pásípọ́ọ̀tù ìlú tó ń gbé. Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ nínú àǹfààní tí a ń retí lọ́hùn-ún kì í tẹ̀lé ìwé, iye ọdún tí èèyàn fi gbé ibẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Tìtorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Nípa físà tó ti kú: ọmọ Nàìjíríà kì í gba físà láti gbé Nàìjíríà. Abala 41 nínú ìwé òfin kan náà ní wọn kò gbọdọ̀ lé ọmọ Nàìjíríà kúrò nílùú, wọn kò sì gbọdọ̀ dí i lọ́nà àtiwọlé tàbí àtijáde. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tó jókòó ní ẹ́pọ́ọ̀tù kò mọ ìyá yín mọ bàbá yín. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà kan tí físà inú rẹ̀ ti kú láti ọdún mélòó kan. Ẹ má jẹ́ kí ó di ọjọ́ tí ọmọ ń wọkọ̀ òfurufú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ẹ gba pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un báyìí tí kò sí ìrìnàjò kankan nílẹ̀.

NIN ló ṣíwájú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í tẹ̀ka. NIN òbí ni wọ́n máa so tirẹ̀ mọ́, nítorí náà kí bàbá rẹ̀ wá láti Èkó, tàbí kí ó mú ọmọ lọ ṣe é níbẹ̀ ní ìgbà ìsinmi. Ìwé ẹ̀rí ìbí Texas yẹn ni ìwé ìbí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ gba òmíràn tó sọ pé ọsibítù kan ní Ìkọ̀lé ni wọ́n bí i sí. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ṣe é láti fi dín wàhálà kù. Ọmọ tó ní ibi ìbí méjì lórí ìwé, ìwé kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́, ọjọ́ tí ẹ́ḿbásì bá sì rí i, èyí tó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí.

Lẹ́tà ìdánimọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, Ìjerò ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe Ìkọ̀lé. Ibi tí bàbá ti wá ni wọ́n ń kọ fún ọmọ lọ́dọ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti ń jẹun. Lẹ́yìn èyí ni pásípọ́ọ̀tù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ń sanwó, ẹ óò wá lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Adó fún fọ́tò àti ìyókù. Láti oṣù kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni owó ti olójú-ìwé 32 tó ń lo ọdún 5, òun náà sì ni ti ọmọdé. Olójú-ìwé 64 ọlọ́dún 10 tó jẹ́ ₦200,000, ti àgbàlagbà ni. Wọ́n á bèèrè lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí àti ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ àwọn òbí. Lẹ́tà tiyín gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà kò tó, bó ti wù kó dùn ún kà tó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ rèé: orúkọ àti ọjọ́ ìbí. Nínú gbogbo ọ̀ràn ọmọ onílùú méjì tó ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi ní Adó, èyí ló ń jẹ wá níyà jù, kì í sì í ṣe òfin ló fà á. Àwa la fà á.

Ẹ wò ó. Ká ní Ayomide Samuel Ogunleye ni wọ́n kọ sí ìwé ìbí ọmọ ní Texas. Bàbá rẹ̀ wá gbàdúrà, ó ní òun ò jẹ́ Ògún mọ́, ó yí i sí Oluleye, ó ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù, ó gbé e sínú ìwé ìròyìn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ó pọ̀ ní Èkìtì bí iṣu. Ìyá ọmọ ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ nítorí kò tíì ráyè yí i. Nígbà tí ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, olùkọ́ bèèrè orúkọ bàbá, ẹni tó mú un lọ ilé ìwé sì sọ orúkọ bàbá àgbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ó di Adeyemi Ayomide nínú rẹ́jísítà. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ kì í pè é ní èyíkéyìí nínú wọn, orúkọ tí òun fún un lórí fóònù lọ́jọ́ ìkómọ ló ń pè é, ó sì ti kọ ọ́ sí káàdì àjẹsára. Ọmọ kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́rin. Ọdún díẹ̀ sí i, kọ́mọ̀ọ̀n ẹ́ńtíránsì dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ìdánwò JSS 3, lẹ́yìn rẹ̀ WAEC, lẹ́yìn rẹ̀ JAMB tí kì í gba ẹnikẹ́ni wọlé láìsí NIN. Orúkọ tó bá wà nínú rẹ́jísítà ló ń tẹ̀ lé ọmọ dé gbogbo ibẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ sí ilé ìwé ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ bẹ ọ̀gá kí ó ṣí rẹ́jísítà fún yín. Ẹ fi ìwé ìbí Texas sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà sí lẹ́tà ni kí ẹ wò ó. Èyíkéyìí tí kò bá bá ti Texas mu, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe nísinsìnyí tó jẹ́ pé gègé àti òǹtẹ̀ ọ̀gá lásán ló ń gbà. Tó bá jẹ́ pé bàbá ti yí orúkọ ìdílé padà lóòótọ́, ó ní láti pinnu: yálà kí ó tún ti ọmọ ṣe ní Texas kí gbogbo ìwé tẹ̀ lé e, tàbí kí ọmọ máa jẹ́ ti ìwé ìbí rẹ̀ lọ. Èmi yóò ní kí ó fi ọmọ sílẹ̀ lórí èyí tó wà nílẹ̀. Orúkọ tí ẹ fún un lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ máa fi pè é, ẹ máa fi kì í. Kò pọn dandan kí ìjọba mọ̀ ọ́n.

Ti ọjọ́ ìbí wá ṣe jẹ́jẹ́ ju ti orúkọ lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Bí wọ́n bá kọ 04/09/2018 sórí ìwé ọsibítù, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọmọkùnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní ibùdó NIN yóò kà á bí ó ti kọ́ ọ ní ilé ìwé, yóò sì tẹ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀yin kò ní mọ̀ títí ìwé yóò fi jáde. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí bébà pẹ̀lú orúkọ oṣù ní kíkún, kí ẹ gbé e lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì wo ojú kọ̀ǹpútà kí ó tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Nínú gbogbo àtúnṣe tí NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ń ṣe, ti ọjọ́ ìbí ló wọ́n jù, òun náà ló sì ní ìbéèrè jù.

Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ńkọ́? Ti ọmọ tí kò tíì pé 16, ọdún 5 ló ń lò, wọn kì í sì í sọ ọ́ dọ̀tun bí ti àgbàlagbà. Ọmọ gbọ́dọ̀ fara hàn ní kọ́ńsúlétì wọn ní Victoria Island l'Ékòó, tàbí ẹ́ḿbásì ní Àbújá, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní DS-11, àwọn òbí méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bàbá tó wà l'Ékòó ni kí ó mú un lọ. Ìyá tó wà ní Houston yóò kọ fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda òbí, DS-3053, níwájú nótárì níbẹ̀, yóò fi ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ tó fi han nótárì náà tì í, iwájú àti ẹ̀yìn, yóò sì fi ránṣẹ́. Kí ó má tètè kọ ọ́ jù: wọn kì í gbà á tó bá ti ju oṣù 3 lọ. Ẹ̀yin náà lè mú ọmọ lọ bí bàbá kò bá ráyè, ṣùgbọ́n àwọn òbí méjèèjì ló máa kọ ìwé ìyọ̀ǹda níwájú nótárì, kì í ṣe ìyá nìkan. Ojú ọmọ ọdún 4 kò jọ ojú ọmọ tó ti ń lọ prámárì, nítorí náà ẹ kó fọ́tò rẹ̀ ọdọọdún dání, ti ọjọ́ ìbí, ti Kérésìmesì, èyíkéyìí tó bá fi hàn bó ti ń dàgbà.

Nígbà tí ọmọ bá ní méjèèjì, ìrìnàjò kò ṣòro mọ́, bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó ti yọ èwo. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú l'Ékòó fẹ́ mọ̀ bóyá ibi tó ń lọ máa gbà á wọlé, ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ fi hàn wọ́n. Ìmígíréṣọ̀n wa tó máa lu òǹtẹ̀ ìjáde, ti Nàìjíríà. Tó bá dé Houston, ti Amẹ́ríkà, torí òfin wọn ní ọmọ wọn kò gbọdọ̀ fi ìwé ìlú mìíràn wọlé wọn. Tó bá ń padà bọ̀, ẹ yí i padà. Bí kì í bá ṣe òbí ló ń mú un lọ, kí lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí wà lọ́wọ́ ẹni náà.

Mo ní ọ̀pọ̀ àǹfààní ń tẹ̀lé ọdún tí èèyàn fi gbé ìlú. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé gíga ni àwọn òbí máa ń gbẹ́kẹ̀ lé jù. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní iye owó méjì, ti ọmọ ìpínlẹ̀ àti ti ẹni tó ti ibòmíràn wá, ìyàtọ̀ àárín wọn sì pọ̀ gan-an. Pásípọ́ọ̀tù kọ́ ni wọ́n fi ń pín in, ibi tí èèyàn ń gbé ni. Ọmọ tó bá ti Ìkọ̀lé balẹ̀ sí Texas ní ọdún 18 lè bá ara rẹ̀ lára àwọn àlejò, àyàfi tí ìyá rẹ̀ bá ti fìdí kalẹ̀ níbẹ̀ kí ó tó dé. Ohun tí ìwé ọmọ-ìlú fún un ni ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìrànlọ́wọ́ owó ìjọba àpapọ̀ wọn, èyí kò sì kéré.

Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún àwọn òbí ni ti àwọn ọmọ tí ọmọ yìí fúnra rẹ̀ máa bí. Bí ó bá dàgbà, tí ó fẹ́ ọmọ Èkìtì tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì bímọ sí Adó, ọmọ wọn kò ní di ará Amẹ́ríkà kìkì nítorí pé bàbá rẹ̀ ní pásípọ́ọ̀tù. Òfin wọn ní bàbá náà gbọ́dọ̀ ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún 5 kí wọ́n tó bí ọmọ ọ̀hún, ọdún 2 ó kéré tán nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn tí bàbá ti pé ọdún 14. Tiyín ti lo ọdún 4 níbẹ̀ ní kékeré. Wọ́n á kà á fún un, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó jẹ́ lẹ́yìn 14.

Èyí ló mú kí n ní ìmọ̀ràn kan tí ẹ lè bá àwọn òbí rẹ̀ sọ. Bí wọ́n bá ń gbèrò àtimú un padà, kí ó parí JSS 3 lọ́dọ̀ yín, kí ó tó lọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé gíríámà tiwọn lọ́hùn-ún. Nǹkan bí ọdún 14 ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń wọ ìpele kẹsàn-án. Yóò ti gbọ́ èdè, yóò ti mọ ẹbí, yóò sì lo ọdún mẹ́rin gbáko níbẹ̀ kí yunifásítì tó dé. Ẹni tó bá dúró di 18 pàdánù ohun kan. Ẹni tó bá padà ní ọdún 8, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá, náà pàdánù. Àwọn òbí ló ni ìpinnu, mo kàn ń sọ ibi tí ọkàn mi tẹ̀ sí ni.

Kí n yà bàrá díẹ̀ fún àwọn tí ọmọ tiwọn wà ní Ìlú Ọba, torí mo mọ̀ pé wọ́n á ka èyí kí wọ́n sì rò pé ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1983, bíbí ọmọ sí London tàbí Manchester kò sọ ọ́ di ọmọ Bìrìtìkó, àfi tí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí tí wọ́n ti gba ìwé ìgbélùú títí ayé kí wọ́n tó bí i. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bí síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ni. Ó ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ bí ó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, láìkúrò ju 90 ọjọ́ lọ́dún. Ìyá tó bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá fún ìyá àgbà ní Ìdó tàbí Ọ̀tùn fún ọdún méjì ti gé ẹ̀tọ́ ọ̀hún kù láìmọ̀. Kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ padà wá sí ilé tiyín, Màmá. Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú ọmọ láàárọ̀ lálẹ́, àwọn nǹkan kan sì wà tí lọ́yà kò lè kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹ máa sọ Èkìtì sí i láìgbọ̀jẹ̀gẹ́. Tó bá ti ń sọ pé òun fẹ́ jẹ uṣu, tó ń pe ilé ní ulé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ìwé á kọ́ ọ ní Yorùbá inú ìwé, Houston á dá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ padà láàárín oṣù mélòó kan. Àwọn ọmọ kíláàsì á máa pè é ní òyìnbó. Ìyẹn kò pa á lára. Èyí tó ń pa wọ́n lára ni tí àgbàlagbà inú ilé bá ń sọ fún un, nígbà tó bá ṣẹ̀, pé "màá dá ẹ padà sí ìlú yín." Ọmọ tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ní Ìkọ̀lé, tí àwọn ọmọ Houston náà tún máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo lo ti wá, ibo ni kí ó pè ní tirẹ̀? Bó bá bi yín léèrè bóyá ará Amẹ́ríkà lòun, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ará Ìjerò sì ni pẹ̀lú, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ti pàṣán, n kò ní kọ́ yín bí a ti ń tọ́mọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ní Texas, bí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún olùkọ́ pé wọ́n na òun tí ara òun bó, òfin ló ní kí olùkọ́ yẹn fi tó ìjọba létí. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa wá bá. Ẹ tún tọ́jú káàdì àjẹsára rẹ̀ bí ẹ ti ń tọ́jú pásípọ́ọ̀tù, torí ilé ìwé ibẹ̀ máa bèèrè rẹ̀. Ẹ tọ́jú káàdì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ náà fún ìrìnàjò. Ọmọ tí kò bá ibà dàgbà láti kékeré, ibà máa ń lù ú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kí nẹ́ẹ̀tì má kúrò lórí ibùsùn rẹ̀.

Owó: ẹ má ṣí àkáǹtì ńlá sí orúkọ rẹ̀. Amẹ́ríkà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ láyé tó ń retí kí ọmọ wọn máa ṣàlàyé owó tó wọlé fún un níbikíbi tó bá ń gbé, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ nípa àkáǹtì ilẹ̀ òkèèrè tí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju 10,000 dọ́là lọ, ìbáà jẹ́ ti ọmọdé. Ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú fún un, ẹ fi sí orúkọ bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Tó bá pé 18, ọkùnrin ni, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Selective Service wọn, ìyẹn ìwé àwọn tí wọ́n lè pè sógun. Ẹ má jáyà, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń kó o lọ.

Àwọn kan á sì sọ fún yín pé ọmọ yìí ni yóò mú gbogbo ìdílé lọ sí Amẹ́ríkà. Kò lè bèèrè fún ìyá tàbí bàbá rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 21. Ìyá àgbà kò sí nínú àwọn tó lè bèèrè fún rárá. Ẹ foríjì mí. Àwọn tó sì ń sọ pé kò ní lè ṣe gómìnà Èkìtì láéláé, kí wọ́n lọ ka abala 182 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà: ẹni tó fúnra rẹ̀ lọ gba ìwé ọmọ-ìlú mìíràn ni abala náà ń bá wí, tiyín kò lọ gba ohunkóhun, wọ́n bí i mọ́ ọn ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kóòtù tí ọ̀gá ilé ìwé dá lábàá. Ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá gbà á ṣọmọ lábẹ́ òfin, ìyá tó bí i àti bàbá rẹ̀ kì í ṣe òbí rẹ̀ mọ́ lórí ìwé, àwọn méjèèjì sì ni gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí dúró lé: NIN bàbá, ìbuwọ́lù ìyá, Ìjerò, Houston. Yóò wá di pé ẹ ń ṣàlàyé fún ìjọba méjì ìdí tí ìyá àgbà fi di ìyá. Ohun tí ẹ nílò kéré ju ìyẹn lọ. Kí àwọn òbí méjèèjì kọ lẹ́tà kan, níwájú nótárì l'Ékòó fún bàbá àti ní Houston fún ìyá, tó sọ pé ọ̀dọ̀ yín ni ọmọ ń gbé, pé ẹ lè fọwọ́ sí ìwé ilé ìwé rẹ̀, pé ẹ lè gbà kí dókítà tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, kí nọ́ńbà fóònù àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀. Tí àárín wọn kò bá gún, ẹ sọ fún mi kí ẹ tó gbé ọmọ lọ ibikíbi, torí Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti 1980 lórí ọmọ tí òbí kan gbé sá fún èkejì, Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ sì ka irú gbígbé bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Tí ó bá gún, ẹ fún ọ̀gá ilé ìwé ní ẹ̀dà kan lẹ́tà náà, kí ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ dókítà yín, kí ẹ fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́.